Kí ló gbé Hardwick Hall dúró?

Ìyá kan tó ń gbé ní Derby, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé sí mi báyìí:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi, bàálé mi àtàwọn ọmọ lọ wo Hardwick Hall, ilé ńlá àtijọ́ kan ní Derbyshire, nígbà tí iléèwé gba ìsinmi. Látìgbà tá a ti dé ni àríyànjiyàn ò ti tán nílé. Bàálé mi ṣe iṣẹ́ bíríkìlà ní Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún ká tó wá síbí. Ó ní kò sí bí ilé òkúta ṣe lè ní wíńdò tó pọ̀ tó yẹn láìsí pílà onírin nínú rẹ̀. Ó ní wọ́n ti rọ kọnkéré sí i nígbà tó yá, wọ́n wá fi òkúta bò ó lójú. Kí ló gbé ilé náà dúró gan-an? Kí ló dé tí wíńdò òkè fi tóbi ju ti ìsàlẹ̀ lọ? Ọmọ mi àgbà sì ń sọ pé owó orí wíńdò ló jẹ́ kí wọ́n dí àwọn kan pa. Ṣé òótọ́ ni?"

Àbúrò mi, ẹ bá mi kí bàálé yín dáadáa, torí ojú oníṣẹ́ ló fi wo ilé náà. Fèrèsé ni ọ̀pọ̀ àlejò ń wò ní Hardwick. Òun ń wá ohun tó gbé fèrèsé ró. Ibi tó ti ṣìnà ò ju ẹyọ kan lọ: ara ògiri ìta ló ti ń wá a. Inú ilé ni agbára ilé yẹn wà, lára ògiri tí àwọn àlejò máa ń kẹ́yìn sí kí wọ́n lè wo gíláàsì.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ onílé, torí tí a ò bá mọ onílé, ìbéèrè yín kejì ò ní yé wa. Elizabeth lorúkọ rẹ̀, Bess ti Hardwick ni wọ́n ń pè é. Orí òkè yẹn náà ni ilé bàbá rẹ̀ wà. Ìdílé onílẹ̀ ni wọ́n, ṣùgbọ́n owó ò fi bẹ́ẹ̀ sí lọ́wọ́ wọn. Ọkọ mẹ́rin ló fẹ́, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì sin. Sir William Cavendish, ọkọ kejì, ló bímọ fún. George Talbot tó jẹ́ Earl ti Shrewsbury ni ọkọ kẹrin, ó sì wà lára àwọn tó lówó jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní. Ìjà dé sáàárín òun àti Talbot, Bess kúrò ní Chatsworth, ilé ńlá tó ń gbé, ó padà sílé bàbá rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kọ́. Ilé yẹn ni àlàpà tí ẹ rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí ẹ wọ̀, tí wọ́n ń pè ní Old Hall. Wọn ò tíì kọ́ ọ tán tí ìyá yìí fi bẹ̀rẹ̀ òmíràn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní 1590, ọdún tí Talbot kú. Ó ti lé ní ẹni 60 ọdún nígbà náà. Ní 1597 ó kó wọlé. Ẹ wo orí àwọn ilé gogoro mẹ́fẹ̀ẹ̀fà: E àti S ni wọ́n fi òkúta gbẹ́ síbẹ̀, pẹ̀lú adé lórí wọn. Elizabeth Shrewsbury nìyẹn. Ẹni tó wà nínú mọ́tò lójú ọ̀nà M1 ní ìsàlẹ̀ lónìí ṣì ń rí ilé náà ketekete lórí òkè. Obìnrin yẹn ò kọ́lé fún ìtìjú.

Robert Smythson ni ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó mọ̀ nípa ilé àtijọ́ gbà pé ó ya àwòrán rẹ̀. Àwòrán ọwọ́ rẹ̀ kan tó jọ Hardwick gidigidi ṣì wà nílẹ̀ dòní, orúkọ rẹ̀ sì jẹ yọ nínú ìwé owó Bess. Agbẹ́kùúta ni Smythson. Ìdí òkúta ló ti kọ́ṣẹ́, ó ti ṣiṣẹ́ ní Longleat ní Wiltshire kó tó wá sí Nottingham láti kọ́ Wollaton Hall láàárín 1580 sí 1588. Wollaton ò jìnnà sí yín rárá, ẹ mú bàálé yín lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì ibẹ̀ ni òkúta ìrántí Smythson wà. Ó kú ní 1614.

Mo tẹnu mọ́ iṣẹ́ agbẹ́kùúta nítorí pé ọgbọ́n fèrèsé ńlá kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ nítorí Bess. Àwọn agbẹ́kùúta ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì onígíláàsì láti ayé àwọn baba ńlá Smythson. Tí ẹ bá dé ilé àdúrà King's College ní Cambridge, tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ ní 1446, ẹ ó rí i pé gíláàsì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ ilé náà. Ohun tó máa ń fún wọn níṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ni àjà òkúta. Òkúta tí wọ́n bá tẹ̀ kọjá lókè máa ń ti ògiri síta lọ́sàn-án lóru, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ́ òpó gìrìwò ti ògiri lẹ́yìn níta. Hardwick ò ní wàhálà yẹn. Igi ni wọ́n fi ṣe àwọn àjà rẹ̀, igi náà ló wà lábẹ́ òrùlé, tí wọ́n wá tẹ́ òjé lé. Òjé wúwo lóòótọ́, àmọ́ ìsàlẹ̀ tààrà ni ìwúwo rẹ̀ ń lọ. Kò bá ògiri jà.

Ìwúwo yẹn sì gbọ́dọ̀ rí ibi gbà. Ẹ rántí Long Gallery, yàrá gbọọrọ tó wà lókè pátápátá, tó gùn tó nǹkan bíi mítà 50. Fèrèsé ló gba ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ láti òpin dé òpin. Ẹ̀gbẹ́ kejì ńkọ́? Ògiri gidi ni, aṣọ ọlọ́nà ńláńlá àti àwòrán àwọn èèyàn ló bò ó, ara rẹ̀ sì ni ibi ìdáná méjèèjì wà. Ẹ ò rí ibi ìdáná kankan ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Àṣírí náà nìyẹn. Nínú ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́ níbẹ̀, ara ògiri ìta ni wọ́n ń kọ́ ibi ìdáná àti ihò èéfín sí, ibi tí ihò èéfín bá sì wà, fèrèsé ò lè sí níbẹ̀. Ní Hardwick, wọ́n kó èéfín wá sínú, sára àwọn ògiri tó pín yàrá kan sí èkejì. Ògiri tí ihò èéfín máa gba inú rẹ̀ kọjá ò lè tín-ínrín, dandan ni kó nípọn. Nígbà tó sì ti nípọn tán, wọ́n wá gbé orí igi àjà lé e. Ògiri ìta ṣì ń gbé ìpín tirẹ̀, ẹ má ṣì mí gbọ́, torí orí igi kejì gbọ́dọ̀ sinmi síbì kan. Ṣùgbọ́n nítorí pé ògiri inú ti gba iṣẹ́ tó nira, wọ́n lè la ògiri ìta bó ṣe wù wọ́n.

Mo ti dárúkọ aṣọ ọlọ́nà, ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Àwọn tó wà ní Long Gallery, tí ìtàn Gídíónì inú Bíbélì wà lára wọn, aṣọ àlòkù ni. Bess rà wọ́n ní 1592 lọ́wọ́ àwọn àjogún Sir Christopher Hatton, ìjòyè Ọbabìnrin tó ti di olóògbé. Àmì ìdílé Hatton ti wà lára wọn, Bess sì ní kí wọ́n yọ pọ́n-ùn 5 kúrò lórí owó torí pé òun máa náwó láti fi àmì tòun bò ó. Wọ́n sì yọ ọ́. Obìnrin olówó rẹpẹtẹ tó ń ná ọjà báyìí, ẹ mọ̀ pé kò ní jẹ́ kí agbẹ́kùúta fi òkúta ṣòfò.

Ó ku ohun kan tó ń mú ògiri onífèrèsé dúró: àwọn ilé gogoro mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yẹn. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹwà lásán ni wọ́n wà fún. Ẹ bi bàálé yín ìdí tí páànù fi máa ń ní ìgbì lára. Èyí tó bá tẹ́ pẹrẹsẹ á tẹ̀ tí ẹ bá fi ọwọ́ kàn án, àmọ́ tí wọ́n bá ti ká a ní ìgbì, ó di ohun tí èèyàn lè dúró lé lórí. Bí ògiri Hardwick ṣe rí nìyẹn tí a bá wò ó látòkè. Méjì lára àwọn ilé gogoro náà yọ síta níwájú, méjì lẹ́yìn, ọ̀kan ní orí kọ̀ọ̀kan. Kò síbi tí ògiri ìta ti lọ gbọọrọ púpọ̀ kó tó ṣẹ́ kọ́ńdú. Atẹ́gùn orí òkè yẹn kì í ṣe kékeré. Ẹ ti rí i fúnra yín. Àwọn ìṣẹ́po yẹn ni kì í jẹ́ kó rí ògiri náà tì.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ irin. Irin wà ní Hardwick, ṣùgbọ́n kì í ṣe irú èyí tí bàálé yín ní lọ́kàn. Tí ẹ bá padà lọ, ẹ sún mọ́ fèrèsé kan dáadáa. Àwọn òpó òkúta tẹ́ẹ́rẹ́ ló gùn látòkè dé ìsàlẹ̀, òkúta mìíràn sì dábùú wọn, tí wọ́n fi pín fèrèsé ńlá sí ihò kéékèèké. Òpó tẹ́ẹ́rẹ́ wọ̀nyẹn ń ṣiṣẹ́ o. Àwọn ló gbé òkúta tó dábùú orí fèrèsé ró, nítorí náà kò sí líntẹ̀lì gígùn kankan tó ní láti dá fo gbogbo fífẹ̀ fèrèsé náà. Òkúta ò fẹ́ kí wọ́n tẹ òun láàárín, á sán. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá gbé ẹrù lé e lórí tààrà, yóò gbà á títí ayé. Nínú ihò kọ̀ọ̀kan, gíláàsì ibẹ̀ kì í ṣe odindi. Wẹ́wẹ́ ni, òjé tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi so wọ́n pọ̀, wọ́n wá fi ọ̀pá irin kékeré dábùú rẹ̀ kí atẹ́gùn má baà gbá a wọlé. Iṣẹ́ tí irin ń ṣe níbẹ̀ ò jù yẹn lọ. Ẹ dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹ wo bí oòrùn ṣe ń tàn lára rẹ̀: gíláàsì kọ̀ọ̀kan yí díẹ̀ kúrò lójú ti ìkejì rẹ̀, ìdí nìyẹn tí fèrèsé náà fi ń tàn yinrin-yinrin. Gíláàsì òde òní ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ láé.

Kọnkéré tí bàálé yín ń wí, ìgbà rẹ̀ ò tíì dé. 1824 ni Joseph Aspdin ti ìlú Leeds gba ìwé àṣẹ lórí símẹ́ńtì tí à ń pè ní Portland, ilé Bess sì ti lé ní 200 ọdún nígbà náà. Ẹfun sísun tí wọ́n pò mọ́ iyanrìn ni wọ́n fi mọ ògiri Hardwick. Òkúta tí wọ́n gbẹ́ dán wà lójú ìta, òkúta wúruwùru àti ẹfun ló wà láàárín ògiri. Ilé tó ti lé ní 400 ọdún ò lè má rí àtúnṣe, àmọ́ kò sí àgbékalẹ̀ irin tàbí kọnkéré kankan tó sá pamọ́ sẹ́yìn òkúta yẹn tó wá ń gbé e. Kódà, ọ̀tá ilé òkúta bẹ́ẹ̀ ni símẹ́ńtì jẹ́. Ẹfun rọ̀, ó ń jẹ́ kí omi tó bá wọ inú ògiri rí ọ̀nà jáde, tí ògiri bá sì sún díẹ̀, ó ń bá a sún. Símẹ́ńtì le jù. Omi á há sẹ́yìn rẹ̀, ara òkúta ni omi náà á sì gbà jáde, títí ojú òkúta á fi máa ṣí kúrò. Mo ti rí ilé àtijọ́ tí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ fi símẹ́ńtì bàjẹ́ ju bí òjò ṣe bà á jẹ́ lọ.

Òkúta Hardwick pàápàá, òkúta oníyanrìn ni, orí ilẹ̀ Bess fúnra rẹ̀, ní ìsàlẹ̀ òkè náà, ni wọ́n ti wà á. Ilé iṣẹ́ gíláàsì tirẹ̀ náà wà ní Wingfield. Ẹ rí i pé obìnrin tó kọ́ ilé tí gíláàsì rẹ̀ pọ̀ tó báyìí ò lọ ra gíláàsì lọ́jà bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Òkúta oníyanrìn ní ìpele nínú, bó ṣe wà nínú ilẹ̀ ló yẹ kí wọ́n tẹ́ ẹ sára ògiri. Èyí tí wọ́n bá gbé dúró lóòró, tí ìpele rẹ̀ kọjú síta, máa ń bó ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá rí òkúta kan tí ojú rẹ̀ ti ṣí, tí èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì dán gbinrin, ẹ má wá ìdí mìíràn lọ kí ẹ tó wo ìyẹn. Àgbègbè tí wọ́n ti ń wa èédú fún ọ̀pọ̀ ọdún tún ni ibẹ̀, èéfín rẹ̀ ò sì ṣàánú òkúta.

Ìbéèrè kejì yín ló dùn mọ́ mi jù. Ìsàlẹ̀ Hardwick kúrú, fèrèsé rẹ̀ náà kúrú. Àjà kejì ga díẹ̀ sí i. Òkè pátápátá ló ga jù, ibẹ̀ ni fèrèsé ti tóbi jù. Ìsàlẹ̀ ni ilé ìdáná àti ti àwọn òṣìṣẹ́. Àárín ni Bess àti ìdílé rẹ̀ ń gbé lójoojúmọ́, níbi tí ooru ti lè dúró díẹ̀. Òkè wà fún àlejò pàtàkì, fún ayẹyẹ, fún Ọbabìnrin fúnra rẹ̀ tó bá lè ṣẹlẹ̀ pé ó wá. Kò wá rí. Síbẹ̀ àmì ọba wà lára ògiri lókè ibi ìdáná nínú High Great Chamber, yàrá ìgbàlejò ńlá tó wà lókè, tó ń retí rẹ̀ títí dòní, gbogbo òkè ògiri yàrá náà yípo sì jẹ́ igbó tí wọ́n fi ẹfun mọ, tí wọ́n kùn ní ọ̀dà: igi, ẹranko, àti Diana, òrìṣà ọdẹ àwọn ará Róòmù, láàárín àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀. Arbella Stuart, ọmọ ọmọ Bess, wà lára àwọn tí ìtẹ́ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lè kàn, nítorí náà ìrètí ìyá àgbà yìí kì í ṣe àlá lásán.

Ohun tí bàálé yín máa fẹ́ gbọ́ ni pé ìgbéraga onílé àti ọgbọ́n agbẹ́kùúta bára mu níbẹ̀. Ògiri ìsàlẹ̀ ló ń gbé gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀, nítorí náà ihò tó wà lára rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ tóbi jù. Òrùlé nìkan ló kù lórí ògiri òkè pátápátá, ẹ lè là á bó bá ṣe wù yín. Tó bá jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ni Bess fẹ́ fi gba àlejò, bóyá ni Smythson ì bá lè fún un ní irú fèrèsé bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní "Hardwick Hall, gíláàsì ju ògiri lọ" ni àwọn ará àdúgbò ń pè é. Àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ní tiwọn mọ̀ pé òtútù ibẹ̀ ju gíláàsì lọ. Oúnjẹ ní láti gba àtẹ̀gùn òkúta gígùn yẹn láti ilé ìdáná nísàlẹ̀ dé òkè pátápátá. Ó ti tutù kó tó dé iwájú àlejò. Ìyẹn ò kan Bess. Ọlá ló kọ́.

Ti ọmọ yín àgbà ló kù. Ẹ sọ fún un pé owó orí fèrèsé wà lóòótọ́, 1696 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé e kalẹ̀, 1851 ni wọ́n sì fagi lé e. Ọ̀pọ̀ ilé tí fèrèsé wọn di bíríkì, owó yẹn ló fà á. Àmọ́ Hardwick ti parí ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú rẹ̀, àwọn fèrèsé kan sì wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé èké ni wọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́ ọ. Níta, gíláàsì ni ẹ ó rí. Nínú, ògiri tàbí ihò èéfín ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn mìíràn tún wà tó jẹ́ pé níta fèrèsé kan ṣoṣo ni, nígbà tó jẹ́ pé yàrá méjì, ti òkè àti ti ìsàlẹ̀, ló ń pín in lò. Ohun tó fa gbogbo èyí ni pé Bess àti Smythson fẹ́ kí ọwọ́ ọ̀tún ilé bá ọwọ́ òsì dọ́gba láìku ibì kan. Inú ilé ò sì lè dọ́gba bẹ́ẹ̀, torí ilé ìdáná ò rí bíi yàrá ìsùn. Wọ́n wá jẹ́ kí ojú ilé sọ ohun kan, kí inú ilé sì máa ṣe tirẹ̀. Àwọn kan ka èyí sí àbùkù. Èmi ò kà á sí bẹ́ẹ̀. Onílé tó bá fẹ́ ojú tó dọ́gba gbọ́dọ̀ san án níbì kan, fèrèsé èké ló sì rọjú jù láti fi san án.

Kí bàálé yín lè fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí mo ń sọ nípa inú ògiri, ẹ má padà sínú ilé ńlá lákọ̀ọ́kọ́. Ilé yẹn pé jù, torí pé àwọn àtọmọdọ́mọ Bess, tí wọ́n di Duke ti Devonshire, Chatsworth ni wọ́n fi ṣe ibùgbé, wọn ò sì fi bẹ́ẹ̀ da Hardwick rú títí National Trust, àjọ tó ń tọ́jú ilé àtijọ́, fi gbà á ní 1959. Old Hall ni kó lọ. Òrùlé ti lọ, àjà ti lọ, ibi ìdáná wá ń so rọ̀ sókè lára ògiri níbi tí ẹsẹ̀ èèyàn ò lè dé mọ́. Á rí bí ògiri ṣe nípọn tó, á rí òkúta wúruwùru àárín rẹ̀, á sì rí ihò tí wọ́n ti orí igi àjà bọ̀. Kó wá dúró síbẹ̀ kó wo ilé kejì lódìkejì, kó ka ibi tí ihò èéfín ti yọ lórí òrùlé rẹ̀, kó sì sọ fún yín ibi tí ògiri inú máa wà lábẹ́ wọn kí ẹ tó wọlé lọ yẹ̀ ẹ́ wò.